Ọ̀sẹ̀ Kan Láàrin Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ń Fọwọ́ Ara Wọn Kọ́lé ní Hale County, Alabama

Ọjọ́ Àìkú, Auburn

Ìrọ̀lẹ́ ni a wọ ìlú Auburn, ní ìhà ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, èmi àti àbúrò mi kan tí òun náà jẹ́ ayàwòrán ilé. Yunifásítì ni ó wà níbí, ṣùgbọ́n ibi tí a ń lọ gan-an ni ẹ̀ka rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Rural Studio, tí ó wà ní Newbern ní Hale County, ní apá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà. Ọdún 1993 ni Samuel Mockbee àti D. K. Ruth, tí àwọn méjèèjì jẹ́ olùkọ́ ní Auburn, dá a sílẹ̀. Wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìyàwòrán-ilé jáde kúrò nínú kíláàsì lọ sí àgbègbè tí ìṣẹ́ ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn fínra, kí wọ́n máa gbé ibẹ̀, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé fún àwọn tí kò lè san owó ayàwòrán ilé láéláé. Mockbee jáde láyé ní ìparí ọdún 2001, Andrew Freear, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe parí ti lé ní 200 báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti gba ibẹ̀ kọjá sì ti lé ní 1,000.

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Mo fẹ́ mọ ohun tí ó ń yí padà nínú àwòrán akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí ó bá mọ̀ pé òun náà ni yóò gé pákó rẹ̀, tí yóò kàn án, tí ẹnì kan tí òun mọ̀ sójú yóò sì máa sùn sínú rẹ̀, tí yóò máa san owó iná rẹ̀ lóṣooṣù.

Ọjọ́ Ajé, Opelika sí Newbern

Kí a tó kọrí sí ìwọ̀-oòrùn, a kọ́kọ́ ya Opelika, ìlú tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ so mọ́ Auburn. Yunifásítì náà àti ẹ̀ka àgbègbè yìí ti Habitat for Humanity, ẹgbẹ́ tí ń bá àwọn tí owó wọn kò pọ̀ kọ́lé, ti fi àwòrán kan náà láti Rural Studio kọ́ ilé méjì síbẹ̀. Bí a bá wò wọ́n láti ojú títì, a ó rò pé ìbejì ni wọ́n, àmọ́ inú ògiri ni ìyàtọ̀ wà: wọ́n kọ́ ọ̀kan ní ìlànà Passive House tí ó ti Jámánì wá, èyí tí ó ń béèrè pé kí ilé dí mọ́ra gan-an, wọ́n sì kọ́ èkejì ní ìlànà ilé tí kì í jẹ iná púpọ̀, èyí tí ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára gbé kalẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni láti mọ iye tí owó tí a fi kún ìkọ́lé yóò dín kù nínú owó iná, kí wọ́n sì mọ ibi tí ó ti yẹ kí a dá ọwọ́ owó náà dúró.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń dán irú ilé bẹ́ẹ̀ wò wù mí púpọ̀. Wọ́n á ti gbogbo fèrèsé, wọ́n á gbé fáànù ńlá kan dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á sì jẹ́ kí ó máa fa afẹ́fẹ́ inú ilé jáde títí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ inú àti ti òde yóò fi fi 50 pascal yàtọ̀ síra. Nígbà náà ni gbogbo ihò tí ojú kò rí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ wá ìsàlẹ̀ fèrèsé tàbí ojú ibi tí wáyà iná ti wọlé yóò mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ìlànà Passive House sọ pé afẹ́fẹ́ tí ń jò wọlé ní wákàtí kan kò gbọdọ̀ ju 0.6 ìlọ́po afẹ́fẹ́ tí inú ilé náà gbà lọ. Kò sí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè fi àwòrán lásán dé ibẹ̀. Ó di dandan kí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ téèpù mọ́ oríkèé pákó kọ̀ọ̀kan. Ilé tí ó ń jò sì máa ń gbówó lọ́wọ́ tálákà ju ti olówó lọ, nítorí owó iná kan náà ni àwọn méjèèjì ń san fún ooru kan náà, bẹ́ẹ̀ ni àpò wọn kò dọ́gba.

Lẹ́yìn ìyẹn, a gba Montgomery kọjá, a bọ́ sí òpópó 80, a sì gun afárá Edmund Pettus ní Selma, níbi tí àwọn ọlọ́pàá ti na àwọn tí ń wọ́de fún ẹ̀tọ́ ìdìbò ní oṣù kẹta ọdún 1965. Láti ibẹ̀ lọ, ilẹ̀ ń dúdú sí i, pápá ń tẹ́jú sí i, àwọn adágún tí wọ́n ti ń sin ẹja àrọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ilẹ̀ òwú ni èyí nígbà kan rí, àwọn ẹrú ni wọ́n sì ro ó. Òṣì tí ó wà níbẹ̀ lónìí kò ṣàdédé wá. Ní Uniontown a yà sí àríwá lójú ọ̀nà 61, a sì dé Newbern kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Newbern

Ìlú kékeré ni Newbern. Ìkànìyàn ọdún 2010 ka ènìyàn 186 níbẹ̀. Àárín ìlú kò ju ojú títì kan lọ, iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀: ilé panápaná tí wọ́n parí ní ọdún 2004, tí ó jẹ́ ilé ìlú tuntun àkọ́kọ́ ní Newbern láti 110 ọdún ṣáájú rẹ̀, gbọ̀ngàn ìlú tí wọ́n fi ìtì igi sípírẹ́sì kọ́, ìtì lórí ìtì, àti ilé ìkàwé tí ó jẹ́ báǹkì tẹ́lẹ̀. Mo yin àwọn wọ̀nyí, àmọ́ ilé gbígbé ni a bá wá, nítorí náà n kò pẹ́ níbẹ̀.

Bí ètò ẹ̀kọ́ wọn ṣe rí nìyí. Àwọn tí wọ́n wà ní ọdún kẹta máa ń wá lo sáà ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ti ọdún karùn-ún máa ń pín ara wọn sí ẹgbẹ́ kéékèèké, wọ́n á sì mú iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í lọ sílé lẹ́yìn tí wọ́n bá gboyè, wọ́n á dúró títí iṣẹ́ náà yóò fi parí. Inú àká pupa àtijọ́ kan ni wọ́n ti ń yàwòrán. Àwòrán bo ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì fi pẹ́ńsù pupa tún un ṣe léraléra, àwọn àpẹẹrẹ oríkèé igi tí wọ́n kàn ní ìwọ̀n gidi sì wà nílẹ̀ káàkiri. Wọn kì í kọ́ ohun tí wọn kò tíì kọ́kọ́ kàn wò.

Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, wọ́n mú wa lọ sí ibi tí ilé kan ti ń dìde. Ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn wá. Amọ̀ tí ó wà lábẹ́ àgbègbè yìí máa ń wú bí òjò bá rọ̀, ó sì máa ń sún kì bí ọ̀dá bá dé, tí ilẹ̀ yóò sì là dé ibi tí ọwọ́ lè wọ̀. Bí a bá da kọnkéré pẹrẹsẹ sórí irú ilẹ̀ yìí láìná owó ńlá sí irin inú rẹ̀, yóò sán. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé ilé sórí òpó kúkúrú díẹ̀, tí ìpìlẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́ kọnkéré, tí ilẹ̀ ilé sì jẹ́ pákó tí kò kan ilẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ: kọnkéré tí a nílò dín kù, afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ ilé kọjá, omi òjò kò rí ilé bá jà, ẹni tí ó bá sì fẹ́ tún páìpù ṣe lọ́jọ́ iwájú kàn máa wọ abẹ́ ilé ni.

Mo lọ́ra níbẹ̀ nítorí ohun kan tí àbúrò mi kọ́kọ́ rí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo àwọn òpó yìí, wọn kò sí ní igun.” Lóòótọ́ ni. Wọ́n ti fa òpó kọ̀ọ̀kan wọlé díẹ̀ láti igun ilé, tí orí ìtì igi fi yọ kọjá òpó ní ìhà méjèèjì. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó ń kàn án ṣàlàyé fún wa: ẹrù tí ó wà lórí apá tí ó yọ síta ń fà á sísàlẹ̀, ó sì ń tipa bẹ́ẹ̀ gbé àárín ìtì náà sókè díẹ̀, nítorí náà ìtẹ̀sí tí ó wà láàárín òpó méjì dín kù, wọ́n sì lè lo igi tí kò tóbi tó èyí tí wọn ì bá rà. Ó gun orí apá tí ó yọ síta náà, ó fò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní kí a fi ọwọ́ wa lé àárín. A gbọ́ ọ nínú àtẹ́lẹwọ́ wa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń ya àwòrán irú ìtì bẹ́ẹ̀ sórí pátákó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, n kò rò pé èyíkéyìí nínú wọn mọ̀ ọ́n tó bí ọmọ yìí ṣe mọ̀ ọ́n.

Ohun kejì tí ó mú mi lójú ni gígùn pákó. Ọjà pákó ní Amẹ́ríkà ń ta igi ní gígùn ẹsẹ̀ bàtà 8, 10, 12, 14 àti 16, pákó pẹlẹbẹ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ya ògiri tí ó fi ìwọ̀nba díẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ, nítorí pé ó wu ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní láti ra ti 14, kí wọ́n sì gé èyí tí ó kù dànù, lórí pákó kọ̀ọ̀kan, yípo ilé. Lórí kọ̀ǹpútà, ìlà kan ni ìyẹn. Níbi iṣẹ́, òkìtì igi tí ẹnì kan ti fi owó rà ni, tí yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn ní ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo ènìyàn yóò sì máa wò ó. Wọ́n fi àwòrán ilé náà hàn wá bí ó ti rí ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn àti bí ó ti rí báyìí: ìbú ilé ti yí padà, fèrèsé kan ti sún, àjà ti lọ sókè díẹ̀, gbogbo rẹ̀ nítorí àtilo pákó tán láìṣẹ́kù. Ilé náà sì lẹ́wà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹnu dùn-ún ròfọ́, àmọ́ kò sí ohun tí ó ń tún àwòrán ṣe bí ọwọ́ tí ó ti gé igi rí.

Àwọn ti ọdún kẹta sábà máa ń bá iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ṣíwájú wọn, wọ́n á sì fi í lé àwọn tí ń bọ̀ lọ́wọ́. Èyí fi ohun kan kọ́ wọn tí kíláàsì kì í fi kọ́ni: àwòrán tí ẹ bá fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ yé ẹni tí kò bá yín jókòó rí.

Ọjọ́rú, Mason’s Bend

Mason’s Bend wà ní ibi tí odò Black Warrior ti ṣẹ́rí. Ibẹ̀ ni Mockbee àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn ṣì ń gbé ibẹ̀, ilé wọn kì í ṣe mùsíọ́mù, nítorí náà ojú títì ni a dúró sí, a kò ya àwòrán fọ́tò, a kò sì wọ àgbàlá ẹnikẹ́ni. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ àlejò kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ilé Ìdì Koríko, tí wọ́n parí ní ọdún 1994, ni àkọ́kọ́. Ìdì koríko gbígbẹ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Ògiri náà nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, ìnípọn náà sì ni kì í jẹ́ kí ooru àti òtútù tètè wọlé. Ilé Labalábá tẹ̀lé e ní ọdún 1997, tí òrùlé rẹ̀ na ìyẹ́ méjèèjì sókè lórí fàráńdà ńlá kan tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì yí ká, tí omi òjò sì ń ṣàn láti àárín ìyẹ́ náà lọ sínú àmù. Ilé àdúrà àti ìpàdé tí wọ́n kọ́ fún àdúgbò náà ní ọdún 2000 kò jìnnà: erùpẹ̀ tí wọ́n gún mọ́lẹ̀ ni ògiri rẹ̀, gíláàsì iwájú ọkọ̀ Chevrolet Caprice tí ó tó 80, tí wọ́n rí níbi àlòkù ọkọ̀, sì ni wọ́n tò lé ara wọn bí ìpẹ́ ẹja láti fi bo apá kan rẹ̀. Ní ọdún 2002 wọ́n parí Ilé Kápẹ́ẹ̀tì, tí ògiri rẹ̀ jẹ́ 72,000 ègé kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tò jọ tí wọ́n sì fún mọ́ra, tí yàrá ààbò fún ìjì àjà sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn ilé yìí ni ó sọ Rural Studio di ìlú mọ̀ọ́ká. Wọ́n fún Mockbee ní ẹ̀bùn MacArthur ní ọdún 2000, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé Amẹ́ríkà sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà ní ọdún 2004 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Mo dúró pẹ́ níbẹ̀ láti mọ ohun tí mo rò gan-an nípa wọn. Ìgboyà wà nínú wọn, ọ̀wọ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú: akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti ẹbí kan, ó bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé, ó sì fi ìdáhùn wọn ṣe ilé. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ni ilé kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tí ó lè kọ́ irú rẹ̀ fún aládùúgbò tí ó wà ní ìkejì ilé. Ta ni yóò wá gíláàsì 80 mìíràn? Bí ègé kápẹ́ẹ̀tì kan bá bàjẹ́, káfíńtà wo ni a ó pè? Àbúrò mi kò gbà fún mi pátápátá. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá kọ́kọ́ gbójú lé ohun ìyanu kò ní mọ bí a ṣe ń gbójú lé ohun yẹpẹrẹ. Mo gbà pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí mo wá fẹ́ rí ní ọjọ́ kejì ni ìyípadà tí àwọn olùkọ́ náà fúnra wọn ṣe lẹ́yìn ikú Mockbee, èyí tí mo kà sí iṣẹ́ wọn tí ó ní láárí jù lọ.

Ọjọ́bọ̀, àwọn ilé 20K

Ní ọdún 2005 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n pè ní 20K. Ìbéèrè tí ó bí i rọrùn láti béèrè: ilé wo ni ẹni tí owó Social Security nìkan, ìyẹn owó tí ìjọba ń san fún àwọn arúgbó àti aláàbọ̀ ara, ń wọlé fún lè rà, tí kì í ṣe ẹ̀bùn? Ilé-iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀ ní ẹ̀yáwó kan fún àwọn ará ìgbèríko tí owó wọn kéré, tí a lè fi ọdún 33 tàbí 38 san, tí èlé rẹ̀ sì lè wá sílẹ̀ dé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ṣírò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa san nǹkan bíi $100 lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ilé tí owó rẹ̀ kò ju $20,000 lọ, owó ohun èlò àti owó iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe lápapọ̀. Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tẹ̀lé òmíràn ti ń gbé ilé kan kalẹ̀, wọ́n ń wo ibi tí ti àwọn tí ó ṣíwájú ti kù, wọ́n sì ń tún un ṣe.

Ẹni tí kò bá mọ àgbègbè yìí lè béèrè ìdí tí àwọn ènìyàn kò fi ra ilé alágbèéká tí wọ́n ń fi ọkọ̀ fà wá. Ọ̀pọ̀ ni ó ti rà á, a rí wọn lójú ọ̀nà gbogbo. Àmọ́ bí ọkọ̀ ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń pàdánù iye rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti rà á, ẹ̀yáwó rẹ̀ sì sábà máa ń ní èlé gọbọi, nígbà tí ilé tí a kàn mọ́ ilẹ̀ lè di ogún tí ọmọ yóò jẹ.

Wọ́n mú wa yí àwọn ilé mélòó kan ká, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda àwọn onílé. Wọ́n kéré: èyí tí ó ní yàrá kan kò ju ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 500 sí 600 lọ. Ọ̀kan gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn dojú kọ ara wọn, kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní ìbú àti òró. Òrùlé gbogbo wọn jẹ́ páànù, etí òrùlé yọ jáde dáadáa kí oòrùn má bàa kan ògiri, àjà ga kí ooru lè rí ibi gùn sí, fáànù òkè wà, fàráńdà sì wà níwájú. Mo jókòó sí ọ̀kan nínú àwọn fàráńdà náà. Ó jìn tó pé ènìyàn méjì lè fi àga jókòó kojú ara wọn kí ẹlòmíràn sì tún kọjá láàárín wọn, ó sì jẹ́ ibi tí onílé ti lè kí gbogbo ẹni tí ń kọjá. Ìyá àgbà tí ó ni ilé náà bi mí bóyá mo ti jẹun kí ó tó bi mí ohun tí mo wá ṣe. Nígbà tí mo béèrè ohun tí ó fẹ́ràn jù, ó ní ilẹ̀ kò tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ òun mọ́, àti pé òun mọ iye tí owó iná yóò jẹ́ kí ó tó dé.

Kò sí ohun àrà ọ̀tọ̀ kankan lára àwọn ilé náà, iṣẹ́ tí ó sì gba ọgbọ́n jù lọ nìyẹn. Gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ ni a lè rà ní ilé ìtajà ohun ìkọ́lé èyíkéyìí, kò sì sí èyí tí káfíńtà àdúgbò kò mọ̀ ọ́n kàn. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun tí ó gbà mí lọ́kàn jù ni irin pẹlẹbẹ kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọ́n fi ń so igi òrùlé mọ́ ògiri, tí wọ́n sì tún fi irú rẹ̀ so ògiri mọ́ ìpìlẹ̀. Ìjì kì í kàn ń ti ilé, ó tún máa ń fa òrùlé sókè, ìṣó nìkan kò sì lè mú un dúró. Bí irin yìí bá so láti òrùlé dé ilẹ̀ láìfo ibì kan, gbogbo ilé náà yóò di ọ̀kan lójú ìjì. Owó rẹ̀ kéré. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi hàn wá ní ní ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ kàn án, òun lo wákàtí kan láti wá ọ̀nà tí hámà yóò gbà wọ igun ibi tí òun ti yà á sí, nítorí náà òun lọ tún àwòrán yà kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa jìyà kan náà. Ìdáhùn sí ìbéèrè mi nìyẹn, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń dáhùn rẹ̀.

Ní ọ̀sán, olùkọ́ kan jókòó tì wá, ó sì ṣàlàyé ibi tí ìṣòro wà báyìí, kì í sì í ṣe inú pákó ni ó wà. Báǹkì kì í fẹ́ yáni ní owó kékeré, nítorí iṣẹ́ ìwé tí wọ́n ń ṣe lórí $20,000 kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń ṣe lórí $200,000, bẹ́ẹ̀ ni èrè rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ ìlú ní òfin pé ilé kò gbọdọ̀ kéré ju ìwọ̀n kan lọ. Nígbà tí wọ́n gbé méjì nínú àwòrán náà lọ sí Serenbe ní ìpínlẹ̀ Georgia ní ọdún 2016, àwọn tí ń bójú tó òfin ìkọ́lé kò mọ irú ìpìlẹ̀ fífúyẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n fi kún un. Ilé iṣẹ́ adójútòfò náà ní ìbéèrè tirẹ̀. Nítorí náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ bí a ṣe ń ka ìwé ẹ̀yáwó báyìí, ètò kan tí wọ́n ń pè ní Front Porch sì ń fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ ìkọ́lé ní ìpínlẹ̀ mìíràn, pẹ̀lú ìmọ̀ràn lórí bí wọn yóò ṣe gba òfin ibẹ̀ kọjá. Olùkọ́ náà kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ pé owó ohun èlò ti gòkè, àti pé $20,000 kò tún kọ́ irú ilé yìí mọ́. Orúkọ náà dúró, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń lépa ni iye tí onílé lè san lóṣù: ẹ̀yáwó, owó iná, adójútòfò àti àtúnṣe papọ̀.

Mo fara mọ́ èyí tọkàntọkàn. Ilé olówó pọ́ọ́kú tí owó iná rẹ̀ ń pa onílé kì í ṣe ilé olówó pọ́ọ́kú.

Ọjọ́ Ẹtì, Greensboro

Òjò rọ̀ láti òwúrọ̀. A wo ọgbà ìṣeré Lions Park ní Greensboro, olú ìlú county náà, níbi tí nǹkan bíi 2,000 àgbá irin tí wọ́n ti lò rí ti di ibi ìṣeré ọmọdé. Iṣẹ́ kò ṣeé ṣe ní ibi ìkọ́lé. Amọ̀ lẹ̀ mọ́ bàtà wa títí a kò fi lè rìn mọ́, ọ̀rọ̀ òpó ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì túbọ̀ yé mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Newbern sí ọ̀nà ilé

Kí a tó lọ, wọ́n fi ilé ìdánwò kéékèèké méjì hàn wá, tí wọ́n gbé sókè lórí òpó gíga. Pákó ni wọ́n fi bo inú ọ̀kan, kọnkéré ni wọ́n fi bo inú èkejì. Afẹ́fẹ́ ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, ó sì ń gba ihò gíga kan jáde lókè, láìsí fáànù kankan: bí ohun tí ó wúwo tí ó wà lára ògiri bá ti gba ooru tàbí òtútù sínú, yóò máa mú afẹ́fẹ́ inú yàrá fúyẹ́ tàbí kí ó wúwo, afẹ́fẹ́ náà yóò sì máa rìn fúnra rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti onímọ̀ kan láti Yunifásítì McGill ní Kánádà ni wọ́n jọ ń wádìí bí ògiri ṣe yẹ kí ó nípọn tó àti bí ihò ṣe yẹ kí ó tóbi tó, kí ilé lè máa tu ara rẹ̀ lára. Wọ́n yan pákó nítorí pé igi páìnì pọ̀ ní àgbègbè yìí, kò sì gba agbára tó bí kọnkéré ṣe gbà kí a tó rí i lò.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni a sọ̀rọ̀ omi ìdọ̀tí, ọ̀rọ̀ tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìyàwòrán-ilé máa sọ. Amọ̀ tí ń wú yìí kì í fa omi mu, nítorí náà sọ́kàwéè tí ó ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn kì í ṣiṣẹ́ níbí; omi náà á padà wá sójú ilẹ̀, tàbí sínú ilé. Èyí tí ó bá ilẹ̀ náà mu sì lè wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi jẹ ìdá ńlá nínú owó tí wọ́n fi kọ́ ilé 20K kan. Iṣẹ́ ti ń lọ ní Newbern lórí ètò tí àwọn ilé tí ó wà nítòsí ara wọn yóò fi máa da omi ìdọ̀tí wọn pọ̀ sí ojúkò kan, kí ẹnì kan ṣoṣo má bàa dá ru ẹrù náà. Mo bi wọ́n iye tí ilé kọ̀ọ̀kan yóò máa san lóṣù fún ìtọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní iye náà ni àwọn ń ṣe iṣẹ́ lé lórí jù báyìí, nítorí gbogbo dọ́là tí ó bá gorí rẹ̀, inú $100 ẹ̀yáwó náà ni yóò ti jáde.